Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ihò Èéfín

Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná ìyá àgbà yín ní abúlé, ẹ gbé ojú sókè. Ẹ óò rí i pé igi àjà ibẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí kóró iṣin. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀dà kùn ún. Èéfín igi tí ìyá àgbà ti fi ń se ọbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó gbẹ mọ́ ọn lára. Lọ́dọ̀ tiwa, èéfín a máa gba ojú fèrèsé, ẹnu ọ̀nà àti abẹ́ òrùlé jáde, lẹ́yìn tí ó bá ti ta wá lójú tán.

Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, ènìyàn kò lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ báyìí. Nítorí náà, àwọn mìíràn níbẹ̀ a máa gbé ààrò onírin sí inú pálọ̀. Igi ni wọ́n ń dá sí i kí ilé lè móoru. Èéfín rẹ̀ a gba inú páìpù ńlá kan lọ sí orí òrùlé. Páìpù yìí ni à ń pè ní ihò èéfín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé tí wọ́n rà ní irú ààrò bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo kan tí ó ń hó wùù láti inú ògiri. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ wọn rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń kọjá. Èyí ẹ̀gbọ́n sáré lọ sí ojú fèrèsé, ó sì kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó! Iná ń yọ ní orí ilé wa!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró mú ohunkóhun. Ó gbé àbúrò, ó fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì bọ́ sínú yìnyín láìwọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ààrò kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ inú rẹ̀. Òun náà jáde, ó sì pe àwọn panápaná. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n tètè dé.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá ihò èéfín wá sí ilé wọn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú páìpù, ó sì mi orí.

Ó bèèrè pé, "Ìgbà wo ni ẹ gbá ihò yìí kẹ́yìn?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ra ilé náà, wọn kò gbá a rí.

Ọkùnrin náà tún bèèrè pé, "Irú igi wo ni ẹ ń dá?" Wọ́n ní igi tí wọ́n gé lẹ́yìn ilé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ó ní, "Ó tán! Igi tútù ni ẹ ń dá."

Báwo ni igi tútù ṣe lè mú kí ihò èéfín gbiná? Ẹ wo ìdérí ìkòkò tí ó ń hó. Ooru tí ó bá kan ìdérí náà a di omi, a sì máa kán tótó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ èéfín rí. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè ní omi tí ó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Omi yìí ni iná yóò kọ́kọ́ máa bá jà, kò sì ní í jó dáadáa. Èéfín rẹ̀ yóò pọ̀, yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kan ara páìpù tí ó tutù, yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà títì. Àwọn Òyìnbó ń pe ohun dúdú yìí ní creosote. Bí ó bá gbẹ, ó ń gbiná ju igi lọ. Iná inú ihò èéfín lè gbóná ju ìwọ̀n 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó sì lè fọ́ bíríkì. Omi tí ń hó kò ju ìwọ̀n 100 lọ.

Ewu kejì kì í pariwo. Bí ìdọ̀tí tàbí ìtẹ́ ẹyẹ bá dí ihò náà, afẹ́fẹ́ olóró kan tí a kì í rí, tí a kì í gbóòórùn, yóò padà sínú ilé. Ó lè pa ènìyàn lójú oorun.

Èélòó ni ó yẹ kí á máa gbá a? Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn onílé ni pé kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yẹ ihò èéfín wò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, kí ìgbà òtútù tó dé. Bí ìdọ̀tí ara rẹ̀ bá ti nípọn tó mìlímítà 3, ìyẹn bí owó ẹyọ méjì tí a gbé léra, wọ́n gbọ́dọ̀ gbá a, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kò tíì pé. Àwọn panápaná ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní kí ẹni tí ó ń dá igi máa gbá a ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lò ó. Èmi rò pé ti Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó fi ọkàn balẹ̀ jù. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ fún bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé kí wọ́n tó dá a.

Búrọ́ọ̀ṣì líle tí ó ní ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gbá a lóde òní. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ òtòṣì ni àwọn ọ̀gá ń rán gun inú ihò èéfín. Àwọn mìíràn kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ihò mìíràn kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ! Ẹ fi rúlà yín wọ̀n ọ́n wò. Àwọn ọ̀gá a máa fi omi iyọ̀ ra orúnkún àti ìgúnpá àwọn ọmọ náà kí awọ ibẹ̀ lè yi. Ní ọdún 1788, òfin ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 1840, òfin mìíràn ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún má gun ihò èéfín mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ka òfin sí. Ní ọdún 1875, ọmọdé kan tí ń jẹ́ George Brewster há sínú ihò èéfín ilé ìwòsàn kan ní Fulbourn, nítòsí Cambridge. Wọ́n wó ògiri kí wọ́n tó lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kú. Wọ́n rán ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó fi òpin sí i.

Nísinsìnyí, nínú oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń rán bàbá rẹ̀ létí láti pe ọkùnrin náà. Ó ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí ara kàlẹ́ńdà. Èyí àbúrò kò tíì fẹ́ràn ariwo ọkọ̀ òfuurufú.

Ìbéérè
1. Kí ni ó mú kí igi àjà ilé ìdáná ìyá àgbà dúdú?
2. Kí ni ọkọ ẹ̀gbọ́n olùkọ́ ṣe kí ó tó jáde? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ìdérí ìkòkò kọ́ wa nípa èéfín?
4. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń rán ọmọdé, tí wọn kò rán àgbà, gun inú ihò èéfín?
5. Bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ ibi tí èéfín ilé ìdáná yín ń gbà jáde. Kọ gbólóhùn márùn-ún nípa rẹ̀.