Orin Tó Dùn, Orin Tó Dùn Wá

Lóṣù kẹwàá ọdún 2019 ni olórin tó ń jẹ́ Aṣa gbé àwo orin tó pè ní Lucid jáde, ọdún márùn-ún lẹ́yìn àwo rẹ̀ tó ṣáájú, Bed of Stone. Ẹni tó bá lọ wá orin ijó níbẹ̀ kò ní rí púpọ̀ kó délé. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó yíwọ́ ló gba ibẹ̀ kan: The Beginning, tó kọ́kọ́ dé etí aráyé kí àwo náà tó jáde, orí ìfẹ́ tó ti parí ló dá lé. Ó rọrùn fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò láti pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní “àwo orin ìbànújẹ́”, kó sì tẹ̀ síwájú sí ìpolówó ọjà. Àmọ́ ṣé ìbànújẹ́ náà nìyẹn?

Inú ìbànújẹ́ la ti rí “ba nǹkan jẹ́”. Ohun kan ti dé, ó ti ba inú ẹni jẹ́, bí ìgbà tí òjò bá ba oko jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń bá ìkéde òkú rìn nínú ìwé ìròyìn, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì wúwo. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbé fóònù mọ́ kò tíì débẹ̀, bó tilẹ̀ ń sunkún mọ́jú. Ẹ̀dùn ọkàn ló ní. Arò náà kò bá a mu tán, nítorí ẹni tó ń dárò, nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí èèyàn ló kú fún un. A máa ń dárò owó tó sọnù lọ́jà pàápàá. Nínú orin Aṣa, ẹni tó lọ ṣì wà láyé, ó kàn wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ara rẹ̀ yá gágá.

Ẹ̀dùn gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí, torí inú “dùn” ló ti wá, “dùn” sì ni ọ̀rọ̀ tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa orin. Orin náà dùn: gbogbo wa gbọ́ ìyẹn. Orin náà dùn mọ́ mi: ó tẹ́ mi lọ́rùn, inú mi dùn sí i. Orin náà dùn mí: ó kàn mí lára, ó rán mi létí ohun tí mo ti ń gbìyànjú láti gbàgbé. “Mọ́” kékeré yẹn ló dúró láàárín ayọ̀ àti ìrora. Ọ̀dọ́bìnrin tó bá yọ ìgbọ́rọ̀ létí nínú dánfó, tó ní “Orin yìí mà dùn mí o,” kò yin olórin bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe lè rò. Ó ń ròyìn ara rẹ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ pa méjèèjì pọ̀, èdè gbà á láyè: orin náà dùn létí, ó sì dùn mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi “mí” pe “mi” níbẹ̀. Lẹ́yìn “dùn”, òkè ni ohùn rẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn “mọ́” tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀, àárín ló ń dúró sí.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣi èdè lò jù ni “ọkàn mi fọ́”. Nínú èdè Yorùbá, nǹkan tó bá fọ́ lára èèyàn, ilé ìwòsàn ló kàn. Orí ń fọ́ mi: ẹ bá mi wá oògùn. Ojú rẹ̀ fọ́: kò ríran mọ́. Bí ọkàn náà bá wá fọ́, a jẹ́ pé dókítà ni ká sáré pè, kì í ṣe olórin. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú Sáàmù 34, wọn kò sì fi fífọ́ tú u. “Oníròbìnújẹ́ ọkàn” ni wọ́n lò. Ìyẹn lè ga jù fún ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní Surulere, ṣùgbọ́n a kò wá ọ̀rọ̀ tì. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ó já mi kulẹ̀. Ó já mi jù sílẹ̀ bí ẹni jákùn ewúrẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé “kọ̀ mí sílẹ̀” kò sí nínú wọn. Tọkọtaya ló ń kọ ara wọn sílẹ̀, níbi tí ẹbí ti mọ̀ sí i, tí ìwé ilé ẹjọ́ sì lè wọ̀ ọ́. Àfẹ́sọ́nà tí kò tíì san ìdáná kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkọ̀sílẹ̀. Ìjákulẹ̀ nìkan ló tọ́ sí i.

Àárò náà ńkọ́? “Mo ń míìsì rẹ” ti gba ìgboro kan. Nínú gbólóhùn yẹn, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́. Nínú “àárò rẹ ń sọ mí”, àárò ló ń ṣe mí, mi ò lágbára kankan lórí rẹ̀, èyí sì sún mọ́ bí ó ṣe máa ń rí. Ìlú Paris ni wọ́n bí Aṣa sí lọ́dún 1982, Èkó ló dàgbà sí, ó tún padà sí Faransé kí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2007. Tí àárò ilé bá ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó kọ́kọ́ bi í pé ilé wo.

Orúkọ orin kan wà nínú Lucid tó yẹ kó kọ́ àwọn tó ń ta àmì ohùn nù lọ́gbọ́n. Femi Mo ni wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá rí i láìgbọ́ orin lè kà á sí Fẹ́mi mọ̀, kó máa wá Fẹ́mi kiri àti ohun tó mọ̀. Bó bá jẹ́ “fẹ́ mi mọ́” ló kà, etí rẹ̀ yóò máa retí “kò” níwájú, torí “mọ́” yìí kì í dá rìn láìsí ìkọ̀: kò fẹ́ mi mọ́, kò wá mọ́, kò pè mí mọ́. Orúkọ olórin náà pàápàá kò bọ́ nínú wàhálà àmì ohùn yìí. Àṣá tó ń gbé ọmọ adìyẹ ló fi sọ ara rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olóòtú ètò ṣì ń kí i káàbọ̀ sórí ìtàgé bíi pé àṣà ìbílẹ̀ ló fẹ́ wá kọ́ wa.