Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Máàkù 14:27-31, 66-72, Jòhánù 21:15-17, Gálátíà 2:11-14

 

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun. Àgbà ń wo ohun tó mú òun kọsẹ̀, kó má baà tún ṣubú níbẹ̀ lọ́la.

Gbogbo wa la máa ń ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ló ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹlòmíì á sunkún, á gbààwẹ̀, á bẹ Ọlọ́run. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ibi tó ti ṣubú náà ni yóò tún ti ṣubú. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀kọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká wo Pétérù. A mọ̀ pé ó sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú ọmọbìnrin ìránṣẹ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó ti fọ́nnu pé bí gbogbo àwọn yòókù bá tilẹ̀ kọsẹ̀, òun ò ní kọsẹ̀. Ní Gẹtisémánì, níbi tí Olúwa ti ní kó máa ṣọ́nà, oorun ló ń sùn. Nígbà tí wọ́n mú Jésù, òkèèrè ló ti ń tẹ̀ lé e. Ó wá lọ jókòó ti àwọn ìránṣẹ́, ó ń yáná. Ẹ ò rí i pé ó ti ń ṣubú bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun?

Lẹ́yìn àjíǹde, iná ẹ̀yín ni Pétérù bá lẹ́bàá òkun Tìbéríà. Ẹ wo Jòhánù 18:18, iná ẹ̀yín náà ló ń yá lálẹ́ tó sẹ́ Olúwa. Olúwa wá bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun ju àwọn yòókù lọ. Ibi tí egbò wà gan-an ló fọwọ́ kàn. Pé òun ju àwọn yòókù lọ, ohun tí Pétérù fi fọ́nnu nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ní Olúwa mọ̀ pé òun fẹ́ràn Rẹ̀ ni. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ó ti kọ́ ẹ̀kọ́: ẹnu rẹ̀ ti yí padà.

Júdásì ńkọ́? Òun náà kábàámọ̀. Mátíù 27:3-5 sọ pé ó dá owó padà, ó sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ bá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kan àwọn. Ó bá dá lọ, ó sì kú. Ní ti Pétérù, àárín àwọn ará ni Olúwa bá a.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ní Áńtíókù, Pétérù tó ti di òpó ìjọ fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ àwọn Kèfèrí nítorí ìbẹ̀rù ènìyàn. Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo ayé. Ẹ wá ṣí 2 Pétérù 3:15, ẹ wo bó ṣe pe Pọ́ọ̀lù ní arákùnrin àyànfẹ́. Mélòó nínú wa ló lè pe ẹni tó bá wa wí ní gbangba bẹ́ẹ̀?

Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ yín yẹn pàápàá, àtúnṣe ló gbé e débí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Èdè abínibí rẹ̀ ni. Ó lè ní ta ló fẹ́ kọ́ òun ní Yorùbá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1852 ó tún un ṣe, ó fẹ̀ ẹ́. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, síbẹ̀ ní 1875 ìpàdé ṣì ń lọ ní Èkó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá. Odidi Bíbélì jáde ní 1884. Crowther kú ní 1891, àtúnṣe ò dúró: ẹ̀dà tí wọ́n tún yẹ̀ wò jáde ní 1900. Bí àtúnṣe ò bá ti iṣẹ́ Ọlọ́run lójú, kí ló dé tó ń ti àwa lójú?

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Bóyá ọwọ́ yín ni owó ẹgbẹ́ wà, ẹ ná nínú rẹ̀, kò sì ṣeé dá padà mọ́. Bóyá ẹ fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ọmọ yín, kò gbé fóònù yín mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá lọ bí Júdásì. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí:

1. Ẹ wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọjọ́ tí owó tán ni àṣìṣe bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ da owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ tiyín nínú àpò kan.

2. Ẹ lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ sọ iye tó jẹ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

3. Ẹ yí nǹkan kan padà. Bí owó bá tún kan ọwọ́ yín, kí ẹnì kejì máa rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí ẹnì kan bá gbé àṣìṣe rẹ̀ wá bá yín, ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Olúwa bi Pétérù ní ìbéèrè tó dùn ún, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ láì fún un níṣẹ́.

Àdúrà: Olúwa, fi ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú hàn mí. Fún mi ní ìgboyà láti padà síbẹ̀, àti etí tó ń gba ìbáwí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á tù wá lára o.