Ọ̀gágun Ojú Omi Henry Leeke àti Ìtúsílẹ̀ Àjàyí Crowther

Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkọ̀ ogun onígbòkun wọn ń ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Henry John Leeke ni ọ̀gá ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ń jẹ́ Myrmidon.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin, ọdún 1822, Leeke mú ọkọ̀ Potogí kan tí ó kó ẹrú kúrò ní Èkó. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dé inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n ṣe bí ẹran ènìyàn ni; wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Kì í ṣe àánú nìkan ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ọba ni, ìjọba sì ń san owó fún àwọn atukọ̀ ogun lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀.

Leeke gba oyè Sir ní 1835. Ó jagun ní Bushire, ilẹ̀ Páṣíà, ní 1856. Ní 1864, ó wà ní Canterbury nígbà tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ti ọjọ́ kan yẹn ni Yorùbá ń rántí. Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní méjèèjì: owó tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, àti ẹ̀mí tí iṣẹ́ náà gbà là.