Ní Yellowstone, Ẹ Jẹ́ Kí Béárì Gbọ́ Ohùn Yín, Ẹ Má Jẹ́ Kó Gbọ́ Òórùn Oúnjẹ Yín

Béárì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò ju èyí tí Dáfídì pa nínú Bíbélì lọ, nítorí kò sí béárì nínú igbó ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó kó ẹbí rẹ̀ lọ lo ìsinmi ní Yellowstone, ti wọ ilé béárì nìyẹn. Ọdún 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ọgbà ìpamọ́ yìí sílẹ̀. Wyoming ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, díẹ̀ sì wọ Montana àti Idaho. Béárì kì í ṣàdédé wá ènìyàn kiri. Ohun méjì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀: kí a yọ sí i lójijì, tàbí kí òórùn oúnjẹ fà á wá bá wa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Èwo lẹ rí?

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: béárì dúdú àti grizzly. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀, torí béárì dúdú mìíràn búráùn ni. Èjìká ni kí ẹ wò. Grizzly ní iké láàrin èjìká méjèèjì, etí rẹ̀ kúrú, ó sì rí roboto, èékánná iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ. Béárì dúdú kò ní iké, etí rẹ̀ sì ga sókè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí ọ̀kan bá fọwọ́ kàn yín, ohun tí ẹ ó ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ wá ata ìfọ́n tí wọ́n ṣe nítorí béárì. Inú agolo ló máa ń wà. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù ńlá, nítorí náà, ẹ rà á nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún. Àwọn ilé ìtajà inú ọgbà àti àwọn ìlú tó yí i ká ń tà á. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí lára agolo. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ó fi kọ́ ìgbànú, kí ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìdè orí rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀yìn kò lè gba ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe bí oògùn ẹ̀fọn o: ẹ má fọ́n ọn sára aṣọ tàbí àgọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú igbó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè pẹ̀lú lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà bóyá ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà wà ní ṣíṣí, torí wọ́n máa ń ti àwọn apá kan nítorí béárì. Ajá kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín wọ ojú ọ̀nà igbó.

Lójú ọ̀nà

Ẹ pé mẹ́ta, ó kéré tán, kí àwọn ọmọdé sì wà láàrin àgbà. Ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè, ẹ máa pàtẹ́wọ́, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, níbi tí odò bá ti ń pariwo, tàbí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù yín lójú. Agogo wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń so mọ́ àpò kò dún tó. Ẹ má rìn ní ìdájí, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lóru. Bí ẹ bá rí i tí ẹyẹ ìwò pé jọ síbì kan, tàbí tí òórùn òkú ẹran ń bọ̀, ẹ padà. Béárì lè wà nítòsí tó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ béárì, ìyá rẹ̀ kò jìnnà.

Oúnjẹ àti àgọ́

Kí wọ́n tó ti ààtàn tó kẹ́yìn nínú ọgbà náà pa ní 1970, béárì ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀, àwọn àlejò sì ń nawọ́ oúnjẹ sí i láti inú ọkọ̀. Béárì tó bá ti mọ adùn oúnjẹ ènìyàn kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́, pípa ni wọ́n sì sábà máa ń pa irú rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Gbogbo ohun tó bá ń rùn tàbí tó ń ta sánsán, inú àpótí irin ibùdó tàbí inú ọkọ̀ tí a tì pa ni ààyè rẹ̀. Ẹja gbígbẹ, irú, ìkòkò ìrẹsì tí a kò tíì fọ̀, ọ̀rá tí a fi di ẹran, ọṣẹ ìfọyín, ìpara: ọ̀kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́. Nínú igbó, ẹ dáná ní yáàdì 100 sí àgọ́, ẹ sì so oúnjẹ rọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè, kó jìnnà sí ara igi ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ má fi aṣọ tí ẹ fi dáná sùn. Ní ibùdó Fishing Bridge, wọn kì í gba àgọ́ aláṣọ rárá nítorí béárì, àfi ọkọ̀ àgbésùn tí ògiri rẹ̀ le.

Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀

Òfin ni pé kí ẹ jìnnà sí béárì ní yáàdì 100, bíi mítà 91. Bí kò bá tíì rí yín, ẹ rọra padà. Bó bá ti rí yín, ẹ má sáré. Ó lè sá tó kìlómítà 56 láàrin wákàtí kan. Ẹ má gun igi, torí òun náà lè gùn ún. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá sáré bọ̀, ẹ dúró gbọin, torí lọ́pọ̀ ìgbà ó kàn ń dẹ́rù bà yín ni. Bó bá kù bí ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 60, ẹ fọ́n ata náà síwájú rẹ̀, kí ẹnu agolo dorí kodò díẹ̀.

Bí grizzly tí ẹ yọ sí lójijì bá fọwọ́ kàn yín, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, ẹ má sì bọ́ àpò ẹ̀yìn. Ẹ má mira títí tí yóò fi lọ. Bó bá jẹ́ béárì dúdú, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ bá a jà, ẹ lù ú ní ojú àti imú. Èyíkéyìí tó bá sì já wọ inú àgọ́ lóru, ìjà náà ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò dé ọ̀pọ̀ ibi nínú ọgbà náà. Nítorí náà, bí béárì bá sún mọ́ yín, kódà bí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ lọ sọ fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní ibùdó tó bá súnmọ́ jù, kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.