Bí A Ṣe Ń Wo Eré Ọmọdé Tí Kò Yé Àgbà

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún òbí, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti ẹnikẹ́ni tó máa ń jókòó ti ọmọ kékeré nídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ohun mẹ́rin la fẹ́ mọ̀: ìdí tí eré àwọn ọmọ kéékèèké fi máa ń rí ràdàràdà lójú àgbà, ohun tí ọmọ ń rí níbẹ̀ tí àgbà kò rí, irú eré tó bá ọmọ mu, àti iṣẹ́ tí ẹ̀rín àgbà lè ṣe fún ọmọ. Ẹ jẹ́ ká rọra mú un.

Ká fi eré kan tó lókìkí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1997, BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Teletubbies jáde. Anne Wood, tó ti ṣe olùkọ́ rí, àti Andrew Davenport, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀dá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Tinky Winky aláwọ̀ àlùkò, Dipsy aláwọ̀ ewé, Laa-Laa aláwọ̀ ìyeyè, àti Po pupa. Eríà wà lórí wọn, ojú tẹlifíṣọ̀n wà ní ikùn wọn. Oòrùn tó ń ràn sí wọn lórí ní ojú ọmọ ọwọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kọ́sítáàdì àti búrẹ́dì yíyan ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀rọ kan tó ń fa ìdọ̀tí nílẹ̀, Noo-Noo, ló ń gbálẹ̀ fún wọn, ehoro sì ń jẹko kiri àgbàlá. Apá 365 ni wọ́n ṣe kó tó dúró ní 2001.

Ẹ wá jẹ́ kí ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó wo èyí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ká gbọ́ ohun tó máa bèèrè. Ta ló bí àwọn mẹ́rin yìí? Kí ló dé tí kò sí àgbà kankan nílé? Ilẹ̀ gbalasa báyìí, ṣé ẹbí kò tíì pín in ni, àbí àwọn ọmọ onílẹ̀ ni kò tíì dé? Ta ló ń san owó iná tí Noo-Noo ń jẹ? Tinky Winky tó ń gbé báàgì pupa kiri látàárọ̀, ọjà wo ló fẹ́ lọ ná? Màmá àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì fi kún un pé, ẹni tó bá ń jẹ kọ́sítáàdì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí la fẹ́ kí ikùn rẹ̀ ṣe ju kó wú lọ.

Bákan náà ni Peppa Pig, tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wa mọ́tò, a fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ehoro kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Miss Rabbit ló ń tajà, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì, òun ló ń wa hẹlikópítà, òun náà ló tún ń tọ́jú ilé ìkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ ti rí ẹni tó gba gbogbo iṣẹ́ ìlú.

Ẹ̀kọ́ kìíní: nǹkan àràmàǹdà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Yánníbo ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá tó wá gbà á pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀kánjúwà gbọ́ ìkìlọ̀. Ó jẹ ẹ́ lọ́nà, ni ikùn rẹ̀ bá ń wú, ló bá fi orin bọnu, ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo. Ọmọ ọdún mẹ́rin á gbọ́ èyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, á gbe orin, á sùn. Kò ní bèèrè ilé ìwòsàn tí Ìjàpá ti forúkọ sílẹ̀.

Irú àràmàǹdà yìí bá wa dé orí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Nígbà tó di 1984, NTA gbé àlọ́ fúnra rẹ̀ sórí amóhùnmáwòrán nínú Tales by Moonlight, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó yí apàlọ́ ká. Ní nǹkan bí ọdún 2011, Sesame Square dé sí NTA pẹ̀lú Zobi, awakọ̀ takisí onírun tó fẹ́ràn iṣu ju èrò ọkọ̀ lọ. Kò sí ọmọ tó bi í ní ìwé ìwakọ̀. Nítorí náà, òbí tó bá fẹ́ sọ pé "kí ni gbogbo ràdàràdà yìí?" kó kọ́kọ́ rántí pé Ìjàpá lóyún rí.

Ẹ̀kọ́ kejì: àtúnwí tó ń sú àgbà ló ń la ọmọ lójú. Nínú Teletubbies, fíìmù kékeré máa ń hàn ní ikùn ọ̀kan nínú wọn, níbi tí àwọn ọmọ gidi ti ń ṣe nǹkan. Bó bá ti parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pariwo pé kí wọ́n tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí dé ìdí. Àgbà á mí kanlẹ̀, á ní ṣé kásẹ́ẹ̀tì ló há ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kì í rí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kọ́kọ́ wò ó, ìrìn àti àwọ̀ nìkan ló máa mú. Bó bá tún un wò, á mọ ohun tó ń bọ̀, ayọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ló sì ń mú un fò sókè. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Blue's Clues bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọjọ́ márùn-ún léraléra ni wọ́n ń fi eré kan náà hàn. Àwọn onímọ̀ tó wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọdé rí i pé bí wọ́n ṣe ń tún un wò ni ó ń yé wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá eré náà lóhùn sí i. Ọ̀rọ̀ Teletubbies tí kò já gaara, tí àwọn òbí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bínú sí ní 1997, ọ̀nà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ń gbà pe ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀kọ́ kẹta: kì í ṣe gbogbo eré ló bá ọmọ mu. Ní 2011, Angeline Lillard àti Jennifer Peterson ní Yunifásítì Virginia kó ọmọ ọdún mẹ́rin 60 jọ. Fún ìṣẹ́jú 9, àwọn kan wo kàtúùnù oníkánjú tó kún fún ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, àwọn kan wo eré tó ń rọra lọ, àwọn yòókù ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ tó gba sùúrù àti ìfarabalẹ̀. Àwọn tó wo kàtúùnù oníkánjú ni kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù.

Ẹ lè bèèrè pé: ṣé àlọ́ náà kò kún fún ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀? Ó kún un. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé apàlọ́ a máa dúró. Bó bá ní "Ààlọ́ o!" kò ní tẹ̀ síwájú títí ọmọ á fi dáhùn pé "Ààlọ̀!" Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ó rí i lójú rẹ̀. Fóònù kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Abájọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2019 pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa jókòó ti ẹ̀rọ, àti pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ àpárá yín. Ẹ má dá irú ìbéèrè tí ìyá Ọjà Igbó yẹn ń bèèrè rò nínú, ẹ má sì fi fóònù sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín nìkan. Ẹ wo bó ṣe lè lọ:

"Oòrùn yìí ní ojú o. Ṣé ó ti jẹun?"
"Rárá, Mọ́mì."
"Kí la fẹ́ fún un?"
"Ẹ̀kọ."
"Ta ló máa gbé e lọ bá a lókè?"
"Dádì!"

Ọmọ yìí ti ronú, ó ti dáhùn, ó ti rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́ lọ sójú ọ̀run. Èyí ni iṣẹ́ tí apàlọ́ máa ń ṣe, tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ sì dákẹ́ títí á fi dáhùn. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ, kó tún un ṣe fún yín. Ẹ pe orúkọ ehoro, báàgì àti àwọ̀ ní èdè Yorùbá. Eré Bino and Fino, tí Adamu Waziri ṣe ní Àbújá, wà ní Yorùbá náà fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má fi ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe é. Ẹ má sì fi oòrùn olójú dẹ́rù bà á kó lè sùn.

A kò bá ìyá tó ń wọn gàrí fún oníbàárà wí pé ó gbé fóònù fún ọmọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ ni pé, bí ọwọ́ bá dilẹ̀, kó sún mọ́ ọn kó bá a wò ó. Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé: lálẹ́ òní, ẹ wo eré kan pẹ̀lú ọmọ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tó ń pani lẹ́rìn-ín, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ní kó pa eré náà ní àlọ́ fún yín.