Iná tí Sìmẹ́ńtì ń Jẹ
Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tò lọ bẹẹrẹ ní Ìkẹjà àti Agége, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kò ṣeé ṣe láìsí iná ńlá. Ní 1960, tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀, omi ni wọ́n fi ń po òkúta ẹfun tí a lọ̀ bí ògì, kí wọ́n tó dà á sínú ìléru tí ooru rẹ̀ ń tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó ti fi igi tútù dáná rí yóò mọ wàhálà náà: omi ni iná yóò kọ́kọ́ bá jà. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ilé-iṣẹ́ kejì, tí ó dé ní 2003, ń sun; ooru tí ìbá bá èéfín lọ ni ó sì fi ń mú un gbóná kí ó tó wọ ìléru.