Ẹ Jókòó Tì Wọ́n: Ìmọ̀ràn fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Wo Tẹlifíṣàn

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba, mo ń gbọ́ yín o. Mo ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ nípa àwọn ètò tẹlifíṣàn tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kéékèèké. Ẹ ní orí ẹni tó ṣe é kò pé. Ẹ ní oorun ló ń kun ẹni tó kọ ọ́. Ìyá tí ọmọ ò jẹ́ kó fojú kan oorun, tó wá jókòó síwájú ẹ̀dá aláwọ̀ búlúù kan tó ń fi aṣọ ìbora pupa ta ìgbòkun nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bèèrè pé kí lèyí. Mo tọ́mọ ní London nígbà tí Teletubbies gbòde, mo sì ti ń bá ọmọ-ọmọ wo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn ò ṣàdédé ṣe é. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1997 ni Teletubbies bẹ̀rẹ̀ lórí BBC. Anne Wood, tó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, àti Andrew Davenport, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ní University College London, ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Ariwo sọ nígbà náà. Àwọn àgbàlagbà ní wọ́n fẹ́ fi èdè ọmọ jòjòló ba ẹnu ọmọ jẹ́. Èyí tó sì ń bí wọn nínú jù ni fíìmù kékeré tó máa ń hàn ní ikùn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń pè ní Teletubbies. Bí fíìmù náà bá ti parí, àwọn yòókù á ní àwọn tún fẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìyọ nǹkan kan kúrò.

Àgbàlagbà á pòṣé, á wá rìmóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ má wo tẹlifíṣàn nígbà náà, ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ wò. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, kò ní mira. Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe, á ti dìde dúró, á na ìka síbi tí ohun tó ń bọ̀ máa gbà yọ, bó bá sì yọ, á yíjú padà wò yín bóyá ẹ rí i. Ó ti mọ nǹkan kan ṣáájú kó tó ṣẹlẹ̀. Lójú ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù fún láìbi í léèrè, agbára ńlá nìyẹn. Ètò 365 ni wọ́n ṣe. Àwa la rò pé ó ti pọ̀ jù, kì í ṣe àwọn ọmọ.

2. Ẹ rẹ́rìn-ín. Kò séèwọ̀ níbẹ̀. Ọmọ títọ́ a máa sú ènìyàn, ẹ̀rín sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí tọkọtaya lè fara dà á. Bí ọ̀kan bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí èkejì ń múra àtijáde, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún jiyàn lórí In the Night Garden, ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn. Davenport kan náà ló ṣe ètò yìí, ọdún 2007 ló jáde. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kò lópin. Ninky Nonk, ọkọ̀ ojú irin tó ń gun igi, báwo ló ṣe kéré báyìí lóde, tí gbogbo wọn sì wọ inú rẹ̀ tí àyè ṣì kù? Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Pontipine bí ọmọ mẹ́jọ, àwọn ọmọ a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ sọ nù. Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí Yorùbá ń bi ara wọn pé ṣé kò sí sóṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọ, ní ìlú yẹn ni. Makka Pakka ń fi kànìnkànìn fọ ojú ẹni ẹlẹ́ni láìgbàṣẹ, ó sì ń fọ òkúta. Derek Jacobi, òṣèré àgbà tí Ọbabìnrin fi oyè Sir dá lọ́lá, ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ gbogbo ìtàn yìí bí ẹni ń ka ìtàn àwọn ọba.

Ti Teletubbies náà wà níbẹ̀. Oòrùn wọn lójú ọmọ ọwọ́ nínú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ilé wọn, Noo-Noo tó ń fa ìdọ̀tí nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìyàwó ilé kankan kò sì ní ṣàì rí ìyẹn. Àwọn ehoro ibẹ̀ tóbi gan-an, ìdí rẹ̀ sì nìyí: àwọn tó wọ aṣọ Teletubbies ga ju ènìyàn lọ dáadáa, ehoro kékeré ì bá dà bí eku lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Oko gidi ni wọ́n ti ya á, ní Wimpstone, ní agbègbè Warwickshire. Nígbà tó yá, ó sú ẹni tó ni ilẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá wo ibẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di adágún omi.

3. Ẹ̀rín yín, ẹ máa fi ṣe ti àgbà. Ẹ má sọ fọ́mọ pé ohun tó ń wò kò nítumọ̀.

4. Ẹ má jẹ́ kí ìfura gba orí yín. Àgbà tí kò bá lóye nǹkan, kíá ló máa ń wá aburú sí i. Lóṣù Kejì ọdún 1999, ìwé ìròyìn Jerry Falwell, gbajúmọ̀ oníwàásù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn òbí pé Tinky Winky, ọ̀kan nínú àwọn Teletubbies, ń polówó kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, pé nǹkan onígun mẹ́ta wà lórí rẹ̀, pé ó gbé báàgì. Ọmọ tó ń wò ó kò rí ju báàgì lọ, nítorí kò sí ọmọ ọdún méjì tí kì í gbé báàgì ìyá rẹ̀ kiri ilé. Kì í ṣòní, kì í ṣàná. The Magic Roundabout, tí Serge Danot ṣe ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1964, dé BBC lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Eric Thompson kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé inú rẹ̀ rárá. Àwòrán ló ń wò, tó sì ń kọ ìtàn tirẹ̀ sí i. Síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní oògùn olóró ni ṣúgà tí ajá inú rẹ̀ fẹ́ràn, àti pé kì í ṣe ojú lásán ni ehoro rẹ̀ fi ń tòògbé. Ẹ máa yẹ ohun tọ́mọ yín ń wò wò, ojúṣe yín ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rù yín gbé wá.

5. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ létí yín lè nítumọ̀. Lọ́dún 1969, Oliver Postgate àti Peter Firmin ṣe The Clangers, àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ osùn tó ń gbé ojú ọ̀run, tí fèrè nìkan sì ni ohùn wọn. Postgate kọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sílẹ̀ ní kíkún, ó wá ní kí wọ́n fi fèrè fọn ọ́n, débi pé BBC rí èébú nínú ìwé eré náà, wọ́n ní kò dáa, ó sì dá wọn lóhùn pé fèrè ni aráyé máa gbọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti fi gángan bú rí kò ní kí wọ́n ṣàlàyé èyí fóun.

6. Ẹ fi Yorùbá sí i. Ní tèmi, ìmọ̀ràn yìí ló wúwo jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya ẹnu sí Ninky Nonk, ẹ rántí ohun tí ìyá àgbà fi tọ́ wa dàgbà. Ìjàpá lọ gba àsèjẹ lọ́dọ̀ babaláwo fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ, òórùn rẹ̀ ta á nímú lọ́nà, ó jẹ ẹ́, ikùn ọkùnrin sì ń wú bí ti aboyún. Kò sí ọmọ kankan tó dá ìyá àgbà dúró pé báwo ni ìyẹn ṣe ṣeé ṣe. A kàn ń gbe orin ni, a ń gbè é lálàgbè tún gbè, tó bá sì parí a ní kí wọ́n tún un pa. Bí àlọ́ ṣe rí nìyẹn: ohun tí kò ṣeé ṣe, orin tó ń padà wá, àgbà kan tó jókòó. Tẹlifíṣàn ti mú àwọn méjì àkọ́kọ́ wá, ẹ̀yin lẹ ó mú ẹ̀kẹta wá.

Nítorí náà ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Po inú Teletubbies bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ bèèrè pé níbo ló ń lọ. Ẹ ka òkúta Makka Pakka ní ení, èjì, ẹ̀ta. Bí Noo-Noo bá fa búrẹ́dì ẹlòmíì lọ, ẹ ní, “Áà, olè!” Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lójoojúmọ́ kò ní sọ fún ìyá àgbà lórí fóònù pé òun ò gbọ́ Yorùbá.

7. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí tẹlifíṣàn kú. Nígbà tí In the Night Garden bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan máa ń wà lórí ibùsùn, tí ìka àgbà kan á máa yí po lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì lè sọ gbólóhùn kan tán tó dìde níwájú tẹlifíṣàn, tó wá na àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Fóònù ni bàbá ń tẹ̀. Ọmọ náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta, títí ìyá rẹ̀ fi pe bàbá lórúkọ. Tẹlifíṣàn lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn, kò lè dì í lọ́wọ́ mú. Bí ọmọ bá ti na ọwọ́ sí yín báyìí, ìgbà yẹn ló yẹ kó kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù sí iyàrá kejì, kẹ́ ẹ jókòó ti ọmọ yín látìbẹ̀rẹ̀ ètò kan dé òpin rẹ̀. Bí ìdajì wákàtí péré ni.